Yàrá Kejì àti Káńtà Bàbá Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí, ọmọ oníṣọ́ọ̀bù oògùn, tí mo gba oyè ìmọ̀ ìṣèlú ní ọdún tó kọjá, ni mo fọwọ́ sí i ní orúkọ àwa obìnrin mẹ́rin tí a ń gba ìtọ́jú ní yàrá kejì. Ó tọ́ kí ẹnì kan máa ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí a ń là kọjá, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé a kò sọ̀rọ̀.

Àwa náà nìyí. Màmá Olùkọ́ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ọtí ló gbé e wá. Àǹtí Aránṣọ, oògùn oorun. Onídìrí ló kéré jù lọ nínú wa. Oògùn ara ríro ni tirẹ̀, torí ìdúró àárọ̀ dalẹ́ lẹ́yìn orí oníbàárà ló fi bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Èmi, oògùn ikọ́, láti orí pẹpẹ bàbá mi gan-an, láìsí ikọ́ kankan.

Bàbá ló mú mi wá ní Ọjọ́ Ẹtì. Kí ó tó padà, ó gbé báàgì mi sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Gbájú mọ́ ìtọ́jú rẹ. Tí o bá ti jáde, ìwọ lo máa jókòó sí káńtà. Mo ti ń darúgbó."

Gbogbo oògùn ikọ́ tí mo mu, ẹ̀yìn káńtà yẹn ni mo ti mu ún. Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá."

Ara wa ń gbọ̀n. A kò lè jẹun, a kò sì rí oorun sùn.

Mo ka ìlà òkè yìí sétí wọn kí n tó pa ìwé dé. Onídìrí ní, "Ara ta ló ń gbọ̀n? Èmi jẹun o. Bí o ò bá jẹ tìẹ, gbé e síbí."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Òjò láti ìdájí. Ìjókòó òwúrọ̀ wáyé nínú gbọ̀ngàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìfọṣọ, níbi tí òórùn ọṣẹ kì í ti í tán. Olùdámọ̀ràn ló ń darí rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ife tíì kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló ní: ohun tí ara rẹ rí ni kí o sọ. Ẹni tó bá ti sọ "àwa", kó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ó kàn mí. Mo dìde. "Àwa ọ̀dọ́ ìwòyí..."

"Padà."

"Ìdààmú tí ó dé bá wa láti ìgbà tí a ti parí ẹ̀kọ́..."

"Padà."

"Ènìyàn á kàn ṣàdédé rí i pé..."

"Ènìyàn wo?"

Màmá Olùkọ́ ló gbà mí sílẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó jókòó jàre. Tíì ti tutù."

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Mo jókòó. Lójú tèmi, òfin náà kò wo ìyà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹ lápapọ̀. Láti ìgbà náà ni Onídìrí ti sọ mí ní Agbẹnusọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Bàbá àti Màmá wá wò mí. A jókòó sábẹ́ igi inú ọgbà, lórí bẹ́ǹṣì tí òjò àná kò tíì gbẹ lára rẹ̀. Bàbá tẹ́ ìwé ìròyìn sí i fún Màmá, òun fúnra rẹ̀ dúró.

"Mo ti kó oògùn ikọ́ kúrò níwájú," ó ní. "Orí pẹpẹ òkè pátápátá ló wà báyìí. Àfi kéèyàn gun àkàbà."

"Àkàbà náà dà?" Màmá bi í.

"Ó wà lẹ́yìn káńtà."

Màmá wò mí. Èmi wo ilẹ̀.

Bàbá tún ní òun ti gbé iṣẹ́ fún ẹni tó ń kọ pátákó. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù ni yóò kọ́kọ́ wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà "Bàbá àti Ọmọ". Ó fi ọwọ́ ya bí lẹ́tà náà yóò ṣe tóbi tó nínú afẹ́fẹ́. Inú rẹ̀ dùn, ó ti pẹ́ tí mo ti rí i bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ó ní àwọn oníbàárà ń béèrè mi, òun sì ti sọ fún wọn pé mo lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i.

Mo dúpẹ́ nítorí búrẹ́dì àti ọsàn tí wọ́n kó wá fún yàrá kejì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Yàrá kejì kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ ilé ìtọ́jú lónìí. Níbí, wọ́n máa ń gba fóònù lọ́wọ́ ẹni tó bá wọlé. Ọjọ́ Àìkú nìkan la fi ń pe ilé, níwájú tábìlì Nọ́ọ̀sì Àgbà, tí ó máa ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́. Àgbàlagbà ni wá. Ẹ̀tọ́ wa ni kí a bá àwọn ènìyàn wa sọ̀rọ̀. Mo béèrè pé kí fóònù kálukú wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Màmá Olùkọ́ kà á, ó ní gbólóhùn kejì ti gùn jù, ó sì fọwọ́ sí i. Onídìrí fọwọ́ sí i láì kà á. "Agbẹnusọ, ṣé kì í ṣe pé o ti tà mí báyìí?" Àǹtí Aránṣọ wà ní yàrá iṣẹ́, níbi tó ti ń rán aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ilé ìtọ́jú lọ́sàn-án. N kò fẹ́ dí i lọ́wọ́. Ohun tí a bá ti fẹnu kò lé lórí ló máa ń gbà. Mo fọwọ́ sí i fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Wọ́n gbà. Ọjọ́ kìíní tí mo jẹ oúnjẹ mi tán nìyí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ariwo kan ń bọ̀ láti yàrá iṣẹ́, kò sì dákẹ́. Nọ́ọ̀sì Àgbà lọ wò ó, èmi àti Onídìrí tẹ̀ lé e. Àǹtí Aránṣọ ti gbórí lé ara ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì tẹ ibi ìtẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ń rán lọ fúnra rẹ̀. Aṣọ ti ká jọ gègèrè sábẹ́ abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì Àgbà pè é títí, kò dáhùn. Onídìrí ló fa wáyà ẹ̀rọ yọ lára ògiri.

Wọ́n gbé e lọ sí yàrá àwọn aláìsàn. Ó ń mí.

Ẹnì kan ló mú páálí òwú wá fún un sí ẹnu géètì ní òwúrọ̀. Abẹ́ àwọn síìpù inú rẹ̀ ni oògùn oorun wà. Fóònù ló fi pe ẹni náà lánàá, ní wákàtí tí mo bá a gbà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Nọ́ọ̀sì Àgbà pè mí sí ọ́fíìsì. Ìwé wa wà lórí tábìlì.

"Ṣé ìwọ lo kọ èyí?"

"Àwa ni, mà."

"Mo ní ṣé ìwọ lo kọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó fi ìka lé ìfọwọ́sí ìkẹrin. "Ọwọ́ ta nìyí?"

Mo sọ fún un. Kò pariwo. Ó ní ní ọjọ́ tí Àǹtí Aránṣọ wọlé, Àǹtí fúnra rẹ̀ ló fi fóònù rẹ̀ lé òun lọ́wọ́, tó ní, "Bí mo bá sunkún, ẹ má fún mi. Bí mo bá bú yín, ẹ má fún mi."

"Nígbà tí mo rí ìfọwọ́sí yìí," ó ní, "mo rò pé ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ ni. Ó yẹ kí n bi í. Èmi náà kò bi í."

Wọ́n ti gba gbogbo fóònù padà.

Màmá Olùkọ́ dúró kí a jẹun tán. Ó wá ní, "Ọmọ tó bá ń dáhùn ìbéèrè ẹlòmíì ní kíláàsì mi, ìta ló máa ń dúró sí. Ìwọ ò ṣe kíláàsì mi, ìyẹn ló fà á." Onídìrí kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Wọ́n gbà mí láyè láti rí Àǹtí Aránṣọ. Ó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, ètè rẹ̀ gbẹ. Aṣọ tó ká jọ lábẹ́ ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà wà lórí itan rẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí sísọ́ọ̀sì wọ ibẹ̀, èékánná ló fi ń tú òwú rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ láti àárọ̀. "Àǹtí, ẹ̀bi mi ni gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín..."

"Dìde, ilẹ̀ tutù."

Mo dìde.

"O fọwọ́ sí ìwé fún mi láì bi mí. Kò dáa, má ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n ta ló pe ẹni tó mú un wá?"

Mo wo aṣọ orí itan rẹ̀.

"Èmi ni. Èmi ni mo ní kó fi síìpù bò ó. Èmi ni mo gbé e mì. Ṣé o fẹ́ gba ìyẹn náà lọ́wọ́ mi ni?"

"Rárá, mà."

"Torí bí o bá gba ìyẹn, kí ni mo wá ń ṣe níbí? Kí n máa lọ sílé kí ìwọ máa gbàtọ́jú fún mi."

Ó ní kí n bá òun di etí aṣọ mú. A ń tú u lọ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Wọ́n ní bàbá rẹ ń ṣe pátákó. Ṣé o fẹ́ lọ jókòó níbẹ̀?"

"Inú Bàbá dùn sí i gan-an, mà."

"Mi ò bi ẹ́ nípa bàbá ẹ."

Òwú já mọ́ mi lọ́wọ́. Èmi tí mo ti gbẹnu sọ fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níwájú ọ̀gá ilé ìwé, tí mo ti bá àwọn òṣìṣẹ́ ibi ìfọṣọ kọ̀wé láti ìgbà tí mo ti dé síbí, n kò mọ ohun tí mo fẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo sọ èyí fún Olùdámọ̀ràn. Ó ní kí n máa kọ ohun kan sílẹ̀ tí mo fẹ́, tàbí tí n kò fẹ́, kó má sì jẹ́ ohun ńlá. Mo jókòó ti ìwé yìí títí ọ̀sán fi pọ́n. Bí ó bá jẹ́ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ ni, ìwé ì bá ti kún.

N kò fẹ́ ṣúgà nínú tíì. Láti ìgbà tí mo ti dé ni mo ti ń mu ún, torí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé e wá fún yàrá kejì.

Mo lọ sọ fún alásè. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "O ò sì lè sọ láti ọjọ́ yìí?"

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo fẹ́ràn òórùn yíǹkì. Nígbà tí mo wà nílé ìwé, ọ̀dọ̀ àbúrò Màmá ni mo máa ń lo ìsinmi, mo sì máa ń lọ sí ilé ìtẹ̀wé tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Wọ́n á fún mi ní ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ kí n máa wá àṣìṣe inú rẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ níbẹ̀ láti àárọ̀ títí dìgbà tí wọ́n bá fẹ́ tìlẹ̀kùn, inú mi sì máa ń dùn. Ó yà mí lẹ́nu pé mo lè gbàgbé ìyẹn. Oògùn ikọ́ ti bo ọ̀pọ̀ nǹkan mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo kọ èyí tán, mo lọ ka ìwé òfin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn. Wọ́n kọ òfin kẹrin lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí ìkarùn-ún. Mo dá rẹ́rìn-ín.

Onídìrí ń kọjá lọ. "Kí ni ògiri sọ fún ẹ? Ṣé kí n lọ pe nọ́ọ̀sì?" A ti ń sọ̀rọ̀ padà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ ọgbọ̀n

Oòrùn mú gan-an. Bàbá dé ṣáájú agogo àbẹ̀wò, Màmá wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Pátákó ti dé," ó ní. "Pupa lórí funfun. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá oṣù tó ń bọ̀, ni wọ́n máa tú ẹ sílẹ̀. Kí o sinmi ní Ọjọ́ Àìkú, ká bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé. Mo ti ní kí ọmọbìnrin tó ń bá mi tajà wá iṣẹ́ mìíràn."

Mo ní, "Bàbá, Olùdámọ̀ràn ní kò ní dáa kí n padà sí ṣọ́ọ̀bù."

"Olùdámọ̀ràn wo? Níbo ló wà?"

Kí n tó dìde, ó ti ń lọ. A bá Olùdámọ̀ràn lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, òun àti ife rẹ̀. Bàbá kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì bi í.

"N kò sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá," Olùdámọ̀ràn ní. "Mo ní èrò tèmi, ṣùgbọ́n n kò tíì sọ ọ́ fún un. Òun gan-an ni kí ẹ bi."

Bàbá yíjú sí mi. "Ó dáa. Ṣé o fẹ́, àbí o ò fẹ́?"

Ife ọwọ́ Olùdámọ̀ràn ni mo tẹjú mọ́. Bàbá gbá mi léjìká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ojú ló ń tì í," ó sọ fún Olùdámọ̀ràn, ó sì rẹ́rìn-ín.

Màmá ló kẹ́yìn jáde. Ó tún kọ́là aṣọ mi ṣe, èyí tí kò bàjẹ́. "Àbúrò mi ń béèrè ẹ. Yàrá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ṣófo."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta oṣù keje

Òjò pa mí níbi tí a ti ń kó aṣọ, ikọ́ sì mú mi. Ikọ́ gidi. Nọ́ọ̀sì Àgbà fún mi ní omi gbígbóná àti oyin. Ọ̀fun mi ń wá nǹkan mìíràn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Mo sọ̀rọ̀ ní ìjókòó òwúrọ̀. Mo fẹ́ kí ó wà níhìn-ín bí mo ṣe sọ ọ́:

"Bí mo bá ti wúkọ́, ìgò ni mo máa ń rí. Mo mọ bí ìdérí rẹ̀ ṣe ń dún. Lẹ́yìn káńtà bàbá mi, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan nílẹ̀, màá gbé e mu, màá nu ẹnu, màá dìde bi oníbàárà pé kí ló ń ṣe é. Mo máa ń dá wọn lóhùn dáadáa. Wọ́n á ní ọmọ yìí lójú àánú. Bí mo bá padà síbẹ̀, màá mu ún. Kì í ṣe pé bóyá. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò sì tíì sọ fún bàbá mi."

Olùdámọ̀ràn kò ní kí n padà. Ó fa tíì rẹ̀. Àǹtí Aránṣọ, tí wọ́n dá padà sí yàrá wa láàárọ̀ yìí, sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì. Onídìrí ní òun kò gbọ́ ìparí rẹ̀, kí n tún un sọ. Ó gbọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Lánàá, Bàbá kò lè wá. Ọjà tuntun wọlé. Mo pe àbúrò Màmá níwájú tábìlì Nọ́ọ̀sì Àgbà.

"Yàrá wà," ó ní. "Ṣùgbọ́n ṣé ìwọ lo fẹ́ wá ni, àbí ìyá ẹ ló rán ẹ?"

"Èmi ni, mà."

"Kò burú. Mi ò ní máa ṣọ́ ẹ o. Mo sì máa ń tètè sùn. Wàá máa dáná."

"Mi ò mọ oúnjẹ sè dáadáa, mà."

"A ó jọ máa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Yóò wá mú mi láàárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ṣùgbọ́n ó ní kí Bàbá gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ọjọ́ náà tó pé. Ilé ìtẹ̀wé ṣì wà níbẹ̀. Bóyá wọn yóò gbà mí, èmi ni n ó lọ béèrè.

Nọ́ọ̀sì Àgbà wo ojú fèrèsé títí mo fi gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní, "Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ó sì fún mi ní ìwé àti àpòòwé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo kọ̀wé sí Bàbá. Ó gbà mí ní gbogbo òwúrọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gùn. Màmá Olùkọ́ ní kí òun, Onídìrí àti Àǹtí Aránṣọ bá mi fọwọ́ sí i, kí ó lè wúwo díẹ̀. Mo dúpẹ́, mo ní rárá. Ó ní ó kéré tán kí òun kà á. Mo ní rárá sí ìyẹn náà. Ó wojú mi, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀dà rẹ̀ nìyí:

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Èmi nìkan ni mo kọ ìwé yìí. Olùdámọ̀ràn kò rán mi, Màmá kò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ bi mí ní ìbéèrè kan ní Ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, n kò sì dáhùn. Kì í ṣe ìtìjú.

N kò fẹ́. N kò fẹ́ jókòó sí káńtà yín ní Ọjọ́ Ajé tàbí ní ọjọ́ mìíràn. Ibẹ̀ ni mo ti mu oògùn ikọ́ títí n kò fi mọ ara mi mọ́, bí mo bá sì padà síbẹ̀, n ó tún mu ún, ibikíbi tí ẹ bá kó o sí. Mo bẹ̀ yín, ẹ pe ọmọbìnrin tó ń bá yín tajà padà. Ẹ ní kí ẹni tó kọ pátákó fi ọ̀dà pa ibi tó kọ "àti Ọmọ" sí. Mo mọ̀ pé yóò dùn yín.

Ọ̀dọ̀ àbúrò Màmá ni mo fẹ́ máa gbé. Mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí n máa wá sílé ní Ọjọ́ Àìkú, kí n máa gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, kí n má gba inú ṣọ́ọ̀bù kọjá. Bí àwọn oníbàárà bá béèrè mi, ẹ má sọ mọ́ pé mo lọ kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ sọ pé mo gba ìtọ́jú, tàbí kí ẹ ní kí wọ́n bi èmi.

Ẹ máa ń sọ pé ẹ ń darúgbó. N kò tíì bi yín rí bóyá ó ti rẹ̀ yín, tàbí ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ì bá fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù náà ṣe. Mo ń bi yín báyìí.

Mo fẹ́ gbọ́ èsì yín kí agogo oúnjẹ alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá, tó lù. Ẹ pe fóònù Nọ́ọ̀sì Àgbà, yóò gbé e fún mi. Bí n kò bá gbọ́, tàbí bí ẹ bá kọ̀, n ó bá àbúrò Màmá lọ láàárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní Ọjọ́ Àìkú, n ó wá kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, bí inú bá ń bí yín, bí kò bá sì bí yín.

Ọmọ yín